Sìgá ní páálí, ṣíṣà kò ní: ibo ni òfin yóò ti mú un?

   

Ọ̀rọ̀ ṣíṣà ni a gbé wá lónìí. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera nítorí èéfín rẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà pẹ̀lú, nítorí ẹnì kan ń tà á, ẹnì kan ń sanwó rẹ̀, ẹnì kan sì ń yọ̀ǹda àyè fún un. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni pé: ìjọba ti ṣe òfin lórí tábà, kí ló dé tí ọwọ́ òfin kò fi tíì tẹ ìkòkò yìí? Èrò tèmi ni mo máa sọ. Ẹ gbọ́ ọ tán ná, lẹ́yìn náà kí ẹ bá mi jiyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nǹkan tí à ń sọ, torí àwọn àgbà kan wà láàárín wa tí wọn kò rí i rí. Ṣíṣà jẹ́ ìgò ńlá kan tí omi wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá kan ti inú omi náà jáde sókè, àwo kékeré kan sì wà lórí ọ̀pá náà. Inú àwo yẹn ni wọ́n ń kó tábà sí, tábà tí wọ́n ti pò mọ́ ohun dídùn àti òórùn èso: òórùn ápù, òórùn èso àjàrà, òórùn míńtì. Wọ́n á fi bébà tó ń dán bí fàdákà bò ó, wọ́n á wá gbé ẹyin iná èédú lé e lórí. Ẹni tó fẹ́ fà á á fi ẹnu sí rọ́bà gígùn, á fà á, omi á máa hó kùtù-kùtù, èéfín á sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ó ti tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń lo irú ìkòkò yìí ní Íńdíà àti ní ilẹ̀ Páṣíà. Àmọ́ tábà olóòórùn dídùn tó sọ ọ́ di nǹkan ọ̀dọ́ kò tíì pẹ́. Lẹ́yìn ọdún 1990 ló gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ibẹ̀ ló sì gbà tàn ká ayé, títí tó fi dé Cotonou àti Àjàṣẹ́, tó sì ń gba ojú títì bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn ọmọ wa máa ń sọ tí a bá bá wọn wí.

Èkíní: “Omi ti fọ èéfín náà.” Kò fọ̀ ọ́ o. Omi kàn mú kí èéfín náà tutù ni. Èéfín tó bá sì tutù kì í ta èèyàn lọ́fun, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń fà á fi ń fà á wọnú jinlẹ̀, tó sì ń pẹ́ nídìí rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí àwọn dókítà wa ń pè ní OMS, sọ pé ẹni tó bá jókòó ti ṣíṣà fún nǹkan bíi wákàtí kan ń fa èéfín tó tó ìlọ́po 100 sí 200 èéfín tí èèyàn ń fà nínú ẹyọ sìgá kan. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: mi ò sọ pé ó ti mu sìgá 200. Bí èéfín tó wọ inú ara ṣe pọ̀ tó ni wọ́n wọ̀n.

Èkejì: “Kò sí tábà nínú tèmi, èso lásán ni.” Òórùn èso kì í ṣe èso. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà ní tábà nínú, nikotíìnì tó ń jẹ́ kí sìgá di bárakú sì wà níbẹ̀. Ká tiẹ̀ ní kò sí tábà kankan nínú ẹ̀, èédú ńkọ́? Gbogbo ìyá tó ń gbọ́ wa ló mọ̀ pé a kì í gbé ààrò èédú wọ yàrá, ká ti ilẹ̀kùn, ká sùn. Afẹ́fẹ́ burúkú tó ń ti ara èédú jáde, tí a kì í rí, tí kì í rùn, ó ti pa èèyàn lójú oorun. Afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ni ẹni tó ń fa ṣíṣà ń fi rọ́bà fà sínú.

Ẹ̀kẹta: “A kàn ń fi í ṣeré láàárín ọ̀rẹ́ ni.” Ibi eré yẹn gan-an ni ewu wà. Rọ́bà kan náà ló ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àrùn mìíràn sì lè gba ibẹ̀ ràn. Ẹni tí kò fà á, tó kàn jókòó nítòsí, aboyún, tàbí ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n wá síbi ìnáwó, gbogbo wọn ló ń mí èéfín náà sínú.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní ti ṣíṣà, òwe yẹn ti kọjá òwe. Ikọ́ gidi ni hùrùhẹ̀rẹ̀ náà.

Ó tó báyìí nípa èéfín. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí òfin.

Orílẹ̀-èdè wa Bẹ̀nẹ̀ kò sùn lórí ọ̀rọ̀ tábà. Ní ọdún 2005, ìjọba wa wọ inú àdéhùn àgbáyé tí OMS ṣe lórí tábà. Ní 2006, a ṣe òfin kan. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2017, òfin tuntun jáde, òfin 2017-27, lórí ṣíṣe tábà, dídì í, kíkọ ìkìlọ̀ sí i lára, títà á àti lílò ó. Òfin yìí kò fi mọ sórí sìgá. Ó kan tábà, ó kan ohun tí wọ́n fi tábà ṣe, ó tún kan ohun tó jọ ọ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu ún nínú ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀, níbi iṣẹ́, àti nínú ọkọ̀ èrò. Ó ní kí a má tà á fún ọmọ tí kò tíì pé 18 ọdún. Ó ní kí a má polówó rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò sí òfin, kò sọ òótọ́. Òfin wà. Ohun tó ṣòro ni pé ibi tí òfin ti ń di sìgá mú, ṣíṣà kò ní ibẹ̀.

Sìgá ní páálí. Ara páálí ni ìkìlọ̀ wà. Ẹni tó bá rà á, kódà tí kò mọ̀wé, ojú rẹ̀ á kan páálí náà. Ẹni tó ń fa ṣíṣà kì í rí páálí rárá. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ló wà, níbi tí ẹni tó ń tà á ti ń pò ó. Ohun tí oníbàárà rí ni ìgò tó ń dán àti òórùn ápù. Ìkìlọ̀ tí ìjọba ní kí wọ́n kọ kò dé ojú ẹni tó yẹ kó rí i.

Ẹni tó ń ta sìgá ń ta ẹrù. Ẹni tó ń ta ṣíṣà ń ta jíjókòó. Ó ń yáni ní ìkòkò fún wákàtí kan, bí a ṣe ń yá àga, bí a ṣe ń yá bááṣì àti sònó. Ẹ wá wò ó: èèyàn mẹ́rin jókòó yí ìkòkò kan ká. Ẹni tó sanwó ti pé 25 ọdún, àbúrò rẹ̀ tó ń gba rọ́bà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọmọ ọdún 15. Ẹni tó ni ìkòkò á ní òun kò ta nǹkan kan fún ọmọ. Kò sì purọ́, ẹ̀gbọ́n ló tà á fún.

Tí a bá tún gbọ́ “ibi tí gbogbo èèyàn ń wọ̀”, ọkàn wa ń lọ sí ọ́fíìsì, ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, abẹ́ pààyọ́ọ̀tì ni wọ́n ti ń fà á, lẹ́yìn ilé ọtí, àti lábẹ́ bááṣì níbi òkú àgbà nínú agboolé ẹni. Ẹ béèrè ta ló ni ẹjọ́. Onílé ọtí á ní bíà lòun ń tà, ẹnì kan ló háyà àyè lọ́wọ́ òun. Ẹni tó ni ìkòkò á ní òun kọ́ lòun ni ilé. Ẹni tó ń ṣe ìnáwó á ní àwọn ọ̀dọ́ ló gbé e wá. Ó wá dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ jẹ àgbàdo olóko: gbogbo agboolé ló ń sọ pé ewúrẹ́ àwọn wà lórí ìso.

Nítorí ìnira yìí, àwọn orílẹ̀-èdè kan ní kí wọ́n kúkú fòfin dè é pátápátá. Tànsáníà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016. Rùwáńdà àti Kẹ́ńyà ṣe é ní oṣù Kejìlá 2017. Kamẹrúùnù ṣe é ní oṣù Kẹta 2022. Málì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022 kan náà, wọ́n sì fún àwọn tó ń tà á ní oṣù mẹ́fà kí wọ́n fi palẹ̀ mọ́.

Ó dùn ún gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín á ní kí Bẹ̀nẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kẹ́ńyà. Mínísítà ìlera ló pàṣẹ. Àwọn oníṣòwò gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 2018, ilé ẹjọ́ gíga jẹ́ kí àṣẹ náà dúró, àmọ́ ó sọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò pé, kí wọ́n lọ tún un ṣe. Nígbà tó di 2024, ilé ẹjọ́ kan lágbègbè Mombasa rí i pé wọn kò tún un ṣe, ó sì tú àwọn tí ọlọ́pàá mú sílẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà nìyẹn, torí pé wọ́n kánjú kéde, wọn kò sì parí iṣẹ́.

Àbí ká wo Nàìjíríà tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Wọ́n ṣe òfin tábà ní 2015. Ìlànà tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e ní 2019 kọ tábà tí wọ́n fi òórùn dídùn sí. Tí a bá fi ojú ìlànà yẹn wò ó, kò yẹ kí ṣíṣà olóòórùn èso wà lórí tábìlì kankan. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sí Èkó, ẹ mọ̀ pé kò ṣòro rí níbẹ̀.

Kí n má tiẹ̀ lọ jìnnà. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gbẹ́ títì wa níbí. Ta ni kò mọ kpayo ní Ikpinlè? Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń sọ pé kò bófin mu. Wọ́n gba jálá, wọ́n gba ọ̀kadà, àwọn ọmọ tún padà sídìí rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, iná kpayo pa èèyàn tó lé ní 30 ní Sèmè. Ewu náà hàn kedere, síbẹ̀ a ṣì ń rí ìgò lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó kpayo fò sókè, ọ̀pọ̀ tábìlì sì ṣófo láìsí ọlọ́pàá kankan nídìí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àṣẹ nìkan kò tó, ìbẹ̀rù nìkan kò tó, iye tí a ń ta nǹkan ń ṣiṣẹ́ ju ariwo lọ.

Àmọ́ ohun kan wà tí ṣíṣà fi yàtọ̀ sí kpayo àti sí sìgá, ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Èèyàn lè fi sìgá sínú àpò. Èèyàn lè gba ọ̀nà igbó kó kpayo kọjá lóru. Ṣíṣà kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ àga, ó fẹ́ iná, ó fẹ́ wákàtí kan gbáko, òórùn rẹ̀ sì ń dé ojú ọ̀nà. Ohun tó jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òfin páálí náà ni kò jẹ́ kó lè sá fún òfin ibùdó. Nítorí náà, kí òfin fi páálí sílẹ̀, kó di ibi tí wọ́n ti ń fà á mú.

Báwo la ṣe máa ṣe é? Mo rí nǹkan mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, ẹni tó ni ibẹ̀ ló ni ẹjọ́. Méérì ní àṣẹ lórí ètò àti ìmọ́tótó ìlú. Kí ilé méérì kọ ọ́ kedere, ní èdè Faransé àti ní èdè wa, pé onílé ọtí ló máa dáhùn fún gbogbo ìkòkò ṣíṣà tí wọ́n bá rí ní ọgbà rẹ̀, yálà òun ló ni ín tàbí òun kọ́. Kò gbọdọ̀ sí ìkòkò lábẹ́ òrùlé. Ọmọ tí kò tíì pé 18 kò gbọdọ̀ jókòó sídìí rẹ̀, ẹni yòówù kó sanwó. Kí páálí tábà náà sì wà lórí tábìlì, kí oníbàárà rí ìkìlọ̀ tó wà lára rẹ̀. Ọlọ́pàá kan ṣoṣo tó bá kọjá lálẹ́ ọjọ́ Sátidé lè rí i bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé e. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba ìwádìí.

Ìkejì, kí owó orí tábà ṣíṣà wúwo láti ẹnubodè. Ní 2017, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fẹnu kò pé owó orí tábà kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 50 nínú 100. Kí wọ́n gbà á lórí ti ṣíṣà bí wọ́n ṣe ń gbà á lórí sìgá. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: “Tó bá wọ́n, wọ́n á gba igbó kó o wọlé.” Òótọ́ ni, ẹni tó ń gbé ẹ̀bá ẹnubodè kò lè jiyàn ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé e ṣe àkọ́kọ́. Ẹrù tó gba igbó wọlé ṣì máa wá jókòó lábẹ́ pààyọ́ọ̀tì kan kí ẹnì kan tó lè fà á, ibẹ̀ ni àṣẹ àkọ́kọ́ ti ń dúró dè é.

Ìkẹta kò gba ìjọba rárá. Níbi ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà, àwa la ni ìnáwó. A lè sọ pé a kò yá ìkòkò ṣíṣà. Ẹgbẹ́ èésú lè fi í sínú òfin wọn. Ẹbí lè sọ ọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n ń pín iṣẹ́ ìnáwó: lágbájá ni bááṣì, làkáṣègbè ni sònó, ṣíṣà kò sí. Kò sí ọlọ́pàá tó lè ṣe èyí fún wa.

Mo gbọ́ ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ọkàn mi, tó ń sọ pé: “Bàbá, iṣẹ́ kò sí. Mo yáwó ra ìkòkò mẹ́ta. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun.” Mi ò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ebi kì í gbọ́ wàásù. Ohun tó dára nínú ti Málì ni pé wọ́n fún àwọn èèyàn ní àkókò. Kí àṣẹ tiwa náà fún un ní àkókò, kó lè ta ìkòkò rẹ̀ tàbí kó sọ owó rẹ̀ di nǹkan mìíràn. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń háyà ìkòkò mọ bí a ṣe ń háyà àga àti sònó. Ṣùgbọ́n a kò lè torí oúnjẹ ẹnì kan ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ elòmíràn jẹ́.

Ohùn kejì á ní: “Sodabí ń pa èèyàn, tramadol ń pa èèyàn, kí ló dé tó jẹ́ ṣíṣà lẹ ń bá jà?” Ìbéèrè gidi ni. A ti sọ̀rọ̀ lórí àwọn yẹn, a ó tún sọ. Àmọ́ ẹni tí ejò méjì wọ ilé rẹ̀ kì í sọ pé òun kò ní pa kékeré torí pé ńlá wà níbẹ̀. Kékeré ni kó kọ́kọ́ pa, nígbà tí kò tíì rìn wọ abẹ́ ibùsùn. Ṣíṣà kò tíì di àṣà àtọwọ́dọ́wọ́ lọ́dọ̀ wa. Kò sí ìyá àgbà kankan ní Ikpinlè tó jogún ìkòkò yìí. Ìgbà tí nǹkan kò tíì ta gbòǹgbò ni fífà á tu rọrùn.

Ìdí tí mi ò fi pariwo pé kí wọ́n fòfin dè é lọ́la nìyẹn. Mi ò fẹ́ àṣẹ tí wọ́n á kà lórí tẹlifíṣọ̀n ní Cotonou, tí a ó pàtẹ́wọ́ fún, tí ìkòkò á sì tún máa hó ní Ikpinlè ní ọjọ́ kẹta. Òfin kékeré tí ẹnì kan pàtó ń dáhùn fún sàn ju òfin ńlá tí kò ní ẹni tó máa dì í mú. Tí a bá ṣe ti kékeré yẹn dáadáa, tí wọ́n sì wá fòfin dè é pátápátá lọ́jọ́ iwájú, ọwọ́ tó máa mú un ṣẹ ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, iṣẹ́ yín rèé fún ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ jókòó, kí ẹ fún ọ̀dọ́ láyè sọ̀rọ̀ ṣáájú àgbà. Ẹ bi ara yín: Ní abúlé wa, níbo ni wọ́n ti ń fa ṣíṣà, ta ló sì ni ibẹ̀? Ṣé a ti rí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nídìí rẹ̀? Níbi ìnáwó tó kọjá, ta ló sanwó ìkòkò? Ẹgbẹ́ èésú wo ló ṣe tán láti kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀? Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa ní rédíò. Ẹ gbé ẹ̀dà kan fún sẹ́ẹ̀fù abúlé yín pẹ̀lú, kó lè bá a dé ilé méérì.

Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí ohun tí mo sọ, kó kọ tirẹ̀ náà wá. A ó kà á lórí afẹ́fẹ́.